Ẹ Má Fi Yorùbá Pamọ́ Nínú Fọ́ọ̀mù Ilé-Ìwé Ọmọ Yín

  

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Yorùbá pọ̀ níbí, àwa tí a sì ń bọ òrìṣà láàárín wọn kò kéré mọ́. Oṣù kẹjọ ọdún ni ilé-ìwé máa ń wọlé. Tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n wọlé, àwọn ẹbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé á pè mí: "Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé ilé-ìwé." Èmi kì í ṣe tíṣà. Mo kàn ti tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ọmọ, tèmi àti ti ẹlòmíì, lọ kọ orúkọ sílẹ̀, títí ojú mi fi là sí i. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní Ọ̀yọ́, ní Òṣogbo, ní Ìsẹ́yìn, ní Èkó, ló ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń múra láti wá bá òbí rẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé girama ni, èyí tí wọ́n ń pè ní high school, láti kíláàsì 9 dé 12. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tó kan èdè. Èkíní ni kíláàsì tí wọ́n fi ń ran ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dá ṣáká lọ́wọ́. Èkejì ni èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ọmọ máa yàn kọ́ kó tó lè jáde. Tí a kò bá mójú tó méjèèjì pọ̀, ọmọ lè gba ìwé-ẹ̀rí kó má lè kí òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ó sì lè mọ oríkì dáadáa kó má rí ìwé-ẹ̀rí gbà. A ò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ KÉKERÉ TÓ Ń DẸ́RÙ BA ÒBÍ

Nínú àwọn ìwé tí òbí máa buwọ́ lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ìwé kan wà tó ń béèrè pé: Èdè wo lẹ̀ ń sọ nílé? Èdè wo ni ọmọ ń sọ? Home Language Survey ni wọ́n ń pè é. Kò ju ìbéèrè mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá ti máa ń gbé bírò dúró, tí wọ́n á wá wo ojú mi.

Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwa tí a lọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà kò tíì gbàgbé vernacular. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì á san owó ìtanràn, òmíràn á jẹ ẹgba, òmíràn á gbé pátákó kọ́rùn kiri ọgbà. Ẹni tí wọ́n ti nà torí Yorùbá nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá wá di bàbá ọlọ́mọ, tí wọ́n bi í ní iwájú òyìnbó pé èdè wo lò ń sọ nílé, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n ná.

Ẹ̀rù kejì ni pé wọ́n ti gbọ́ pé tí wọ́n bá kọ Yorùbá, wọ́n á kó ọmọ wọn sáàárín àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. "Ọmọ tí mo san owó ilé-ìwé aládàáni lé lórí láti jẹ́lé-ó-sinmi! Kí wọ́n wá máa kọ́ ọ ní A B C?" Ẹ̀rù kẹta wà, tí a kì í sọ síta, àwa onísẹ̀ṣe nìkan la mọ̀ ọ́n lára wa: pé tí a bá ti dárúkọ Yorùbá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí à ń bọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn. Ìwé yẹn kò béèrè ẹ̀sìn, kò sì béèrè ìwé ìrìnnà. Èdè nìkan ló béèrè. Ní ọdún 1982, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ l'Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Plyler v. Doe, tó ti ìlú Tyler ní Texas níbí dé ọ̀dọ̀ wọn, pé ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ lé ọmọ padà torí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Ní ti òrìṣà, ọdún 1993 ni ilé-ẹjọ́ kan náà dá àwọn ará wa tó ń bọ òrìṣà ní ìlú Hialeah, ní Florida, láre lórí òfin tí ìlú náà ṣe láti dá ẹbọ rírú wọn dúró. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní ti èdè gan-an, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní San Francisco, àwọn ọmọ Ṣáínà bí 1,800 ń jókòó sí kíláàsì láìgbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, kò sì sí ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí wọn gbé ìjọba ilé-ìwé lọ sílé-ẹjọ́. Ní 1974, nínú ẹjọ́ Lau v. Nichols, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní pé bí ẹ fún ọmọ ní ìwé kan náà, tíṣà kan náà, àga kan náà, ìyẹn kò tíì di ìdọ́gba tí ọmọ kò bá gbọ́ èdè tí ẹ fi ń kọ́ ọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti 1964 ni wọ́n gbé e lé. Láti ìgbà náà ni ilé-ìwé ti gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù tó ń bà yín lẹ́rù yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tọ́ ni. Àwọn kan ló jà fún un kí a tó dé.

ÌDÁNWÒ LÓ Ń YAN KÍLÁÀSÌ, FỌ́Ọ̀MÙ KỌ́

Tí ẹ bá kọ Yorùbá, wọn kò kàn ní fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì kan. Ìdánwò ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe fún un: gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá yege, kíláàsì gbogbo ayé ló ń lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti Èkó wá ni mo ti rí tó ṣe é láàárọ̀, tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tí kò bá yege, ìgbìmọ̀ kan wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní LPAC. Àwọn ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tí ọmọ wọlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti parí gbogbo rẹ̀. Òbí kan tí ọmọ tirẹ̀ wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù yín kí ọmọ yín tó wọ ètò náà. Tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, ẹ ò fẹ́ nìyẹn, àmọ́ wọ́n á ṣì máa dán Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò lọ́dọọdún títí yóò fi yege. Ṣé ẹ rí i pé àṣẹ kò kúrò lọ́wọ́ yín?

Awo kan nínú ilé wa mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ ọdún 16 ni. Ọmọ náà mọ̀wé. Ó mọ girama Gẹ̀ẹ́sì ju ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ilé-ìwé nìkan ló ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí akọ̀wé ilé-ìwé bi í ní ìbéèrè, ó yí sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, kí ni wọ́n ń wí?" Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n bi í kò ju ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kò ṣòro. Bí obìnrin náà ṣe sáré sọ ọ́ láti imú ni kò yé ọmọ.

Bàbá gbé bírò. Ó ní, "Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ jẹ́ ká kọ Gẹ̀ẹ́sì. Á yá a tó bá yá."

Mo ní, "Awo, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ki Ifá nílé yín láràárọ̀?"

Ó ní, "Èmi ni."

"Ní èdè wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ Yorùbá. Ọmọ náà ṣe ìdánwò. Ó gba máàkì tó dára nínú kíkà àti kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ ló ṣe é ní ṣíṣe. Wọ́n fi í sí ètò náà, bàbá buwọ́ lù ú.

Ilé kejì tí mo mọ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin ni tiwọn, irú ọmọ kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Kò sẹ́ni tó dán an wò, torí pé lójú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́ ní kíláàsì, àwọn tíṣà ní ó ń tijú. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìjọba ti English I, wọ́n ní kò kàwé tó. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe ìdánwò kan yẹn, ó sì ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun á lọ máa ṣiṣẹ́ nílé ìtajà, ilé-ìwé sú òun. Orí ló bá a ṣe é tí tíṣà kan fi bi í léèrè pé, "Èdè wo lò ń fi ronú?" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, ọdún kan àtààbọ̀ sì ti lọ.

Ní Texas, òbí lè tún ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù náà ṣe, tí kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ tí ọmọ wọlé, tí wọn kò sì tíì dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti sọ òótọ́.

ÀǸFÀÀNÍ KÍLÁÀSÌ NÁÀ, ÀTI IBI TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢỌ́

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà. Ní Texas, kírédíìtì tí ọmọ máa kó jọ kó tó jáde kò gbọdọ̀ dín ní 22. Èyí tó bá fẹ́ fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan kún un á kó 26. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánwò ìjọba 5 ló sì wà: Algebra I, Biology, English I, English II àti ìtàn Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní àkókò tó máa fi ṣòfò.

Àwọn òbí rò pé kíláàsì ìrànlọ́wọ́ máa dá ọmọ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíláàsì méjì wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ ESOL I àti ESOL II, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń dúró fún English I àti English II, kírédíìtì wọn sì pé. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń sún mọ́ ìwé-ẹ̀rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ẹkùn wà lẹ́yìn igbó náà. Mo mọ ọmọ tó wọ ètò yìí, tí òbí rẹ̀ kò tún yọjú mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń bẹ níbẹ̀, kíláàsì àwòrán àti orin tó wù ú kò ráyè sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé ohun mẹ́ta ni kí wọ́n máa bi ilé-ìwé.

Èkíní: Ṣé ọmọ mi ṣì ń kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó bá orí rẹ̀ mu? Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ kò gbọdọ̀ gba àyè ìṣirò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ Algebra ní Ìsẹ́yìn kò gbàgbé rẹ̀ nínú bàálù.

Èkejì: Báwo ni TELPAS rẹ̀ ṣe rí? Ìyẹn ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn tó wà nínú ètò náà. Ẹ gba èsì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ti èṣí wé ti èyí. Tí ọmọ kò bá gun àkàbà sókè, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀kẹta: Kí ló kù kó fi jáde nínú ètò yìí? Kí wọ́n sọ ọ́ síwájú yín, kó yé yín. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ béèrè fún ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ o! Ọmọ á sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

ÈDÈ WO NI KÍ ỌMỌ YÀN?

Apá kejì ọ̀rọ̀ wa rèé. Kírédíìtì 2 ni Texas fẹ́ kí ọmọ ní nínú èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. World language ni àwọn ilé-ìwé ń pè é. Òfin tilẹ̀ gbà kí ọmọ fi èdè kọ̀ǹpútà dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì sì fẹ́ rí i pé ọmọ kọ́ èdè kan náà fún ọdún 2 ó kéré tán, torí náà kò dára kó máa fò láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn.

Èdè Sípéènì ló wọ́pọ̀ jù ní Houston, Faransé ló tẹ̀ lé e. Ilé-ìwé mìíràn ní Jámánì, Látìn tàbí ti Ṣáínà. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n bí síhìn-ín, gba ìwé èdè yìí nígbà tó fẹ́ wọ kíláàsì 9. Ó kà á títí, ó ní, "Àǹtí mi, kí ló dé tí Yorùbá ò sí ńbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún un pé màá dáhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà ńbẹ̀, torí ẹni tó ń bọ òrìṣà kò gbọdọ̀ yan èdè bí ẹni ń mú ẹran nínú ọbẹ̀.

Ẹ wo Sípéènì. Òun ni èdè àwọn ará wa ní Kúbà, àwọn tí ìran wọn gbé Ọ̀ṣun, Ṣàngó àti Yemọja kọjá òkun nínú oko ẹrú. Lukumí ni wọ́n ń fi kọrin fún òrìṣà. Ṣùgbọ́n Sípéènì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé wọn sílẹ̀. Ìwé Lydia Cabrera tó ń jẹ́ El Monte, tó jáde ní Havana ní 1954, kún fún ọ̀rọ̀ ewé àti òrìṣà. Ẹni tí kò gbọ́ Sípéènì ń wò ó lókèèrè ni. Lọ́dún kan tí à ń ṣọdún Ọ̀ṣun, màmá àgbà kan tí wọ́n bí ní Havana wá bá wa. Orin tó dá, a gbè é, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ni. Nígbà tí orin parí, kò sẹ́ni tó lè bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ọmọ àbúrò mi yìí, tó ti ń kọ́ Sípéènì lọ́dún kejì, ló jókòó tì í, tó ń bi í léèrè, tó ń sọ fún wa. Gbogbo ilé dákẹ́, à ń gbọ́ láti ẹnu ọmọdé.

Ẹ wo Faransé. Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé torí ààlà tí òyìnbó pa sáàárín wa. Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá tó di Fátúmbí, ọmọ Paris ni. Faransé ló fi kọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí òrìṣà kó tó kú ní Salvador ní 1996. Salvador yẹn náà, ní Bùràsíìlì, ni ilé Opô Afonjá wà láti 1910, ilé Ṣàngó. Pọtogí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣàṣà ni ilé-ìwé girama tó ní Pọtogí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Sípéènì ti rin ìdajì ọ̀nà débẹ̀.

Tí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tó wà nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rọra o. Èdè tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà ń wúwo lórí ọmọ mìíràn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ Sípéènì. Ó lè fi ìlàjì ọ̀nà rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Tàbí kó gba ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀NÀ WÀ FÚN YORÙBÁ FÚNRA RẸ̀

Ìdáhùn tí mo ṣèlérí fún ọmọ yẹn rèé. Pé Yorùbá kò sí nínú ìwé náà kò ní kó má ní iye.

Òfin Texas gbà kí ọmọ fi ìdánwò gba kírédíìtì láìjókòó sí kíláàsì. Ilé-iṣẹ́ Avant ní ìdánwò Yorùbá, kíkọ àti sísọ. ACTFL náà ní ti sísọ. Ilé-ìwé ló máa sọ èyí tó ń gbà, nítorí náà ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní counselor, olùdámọ̀ràn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ kò gùn: "Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá. Báwo ló ṣe lè fi ìdánwò gba kírédíìtì rẹ̀?" Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó bi ọ̀gá rẹ̀.

Fún ọmọ tó ti ilé wá, ìwé èsì JSS àti SSS rẹ̀ ṣe pàtàkì. Tí Yorùbá bá wà nínú àwọn iṣẹ́ tó ṣe, ilé-ìwé lè kà á sí kírédíìtì èdè mìíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, kí ọmọ tó wọ bàálù, ẹ gba èsì rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-ìwé lórí rẹ̀. Bébà kan ṣoṣo yẹn lè gba ọmọ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdún 2.

Àmì ẹ̀yẹ kan tún wà, Seal of Biliteracy, fún ọmọ tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn tó sì lè kọ wọ́n sílẹ̀. California ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ní 2011, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń fúnni, ẹ béèrè bóyá Yorùbá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn girama ńkọ́? Yunifásítì Texas ní Austin ń kọ́ni ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ti Wisconsin ní Madison, ti Florida, ti Georgia àti Yale. Ọmọ òyìnbó ń sanwó láti lọ jókòó kọ́ ohun tí ọmọ wa ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ojúbọ.

IṢẸ́ TÓ KÙ SÍLẸ̀ FÚN WA NÍLÉ

Ṣùgbọ́n ìdánwò Yorùbá kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú. Wọ́n gbọ́, wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ọmọ àbúrò mi náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ní kó kọ orúkọ Ọ̀ṣun, kò mọ ibi tó yẹ kó fi àmì sí.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: èkíní ló fẹ́ ìyàwó, èkejì ń ro oko, ẹ̀kẹta ń gbé èrò, ẹ̀kẹrin ń gún ẹran. Ẹni tó bá ń ki Ifá láìmọ ìyàtọ̀ wọn ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, mo ní kó máa kọ ìwúre ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, pẹ̀lú àmì, kó sì kà á jáde lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun ló ń tún tèmi ṣe.

Àwọn òbí kan á ní, "Tí a bá ń sọ Yorùbá fún un nílé, ṣé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní bàjẹ́?" Ilé Ifẹ̀ ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún tíṣà tó mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni iṣẹ́ tiyín, kò sí ilé-ìwé tó máa bá yín ṣe é.

Ọmọkùnrin Ìsẹ́yìn yẹn ti jáde nínú ètò Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ìwé èsì JSS tó gbé wá ni wọ́n fi fún un ní kírédíìtì Yorùbá. Ó wà ní kíláàsì 12, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìgbàwọlé yunifásítì. Láàárọ̀, kó tó wọ bọ́ọ̀sì, òun ló ń gbé ọpọ́n fún bàbá rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ gé èyí pamọ́ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀:

Ẹ gba èsì JSS àti SSS ọmọ pẹ̀lú òǹtẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ẹ kọ òótọ́ èdè ilé yín sí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ sọ fún ọmọ pé ìdánwò kan ń bọ̀, kó sùn dáadáa, kó sọ̀rọ̀ sókè, kó má tijú.

Ẹ ka ìwé tí ìgbìmọ̀ bá fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ sì máa béèrè èsì lọ́dọọdún.

Ẹ béèrè ìdánwò Yorùbá lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ìwúre, kó sì kà á.

Orí àwọn ọmọ wa kò ní gbàbọ̀dè. Ibi tí wọ́n bá lọ kàwé, Ẹlẹ́dàá wọn á máa ṣíwájú wọn. Ọ̀ṣun á tu ọ̀nà wọn lára. Wọn ò ní gbàgbé ẹnu tí a fi ń kí òrìṣà ilé baba wọn. Àṣẹ.